Àsọtẹ́lẹ̀ àti Ìdíyelé: Ìtàn Púùlù ní Ìlú Ẹdẹ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Ọrọọrún ni ti babaláwo. Ní Ẹdẹ ìgbà èwe mi, Sátidé ni ti àwọn tí mo fẹ́ sọ ìtàn wọn yìí. Wọn kò mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò sì tẹ ìyẹ̀rosùn. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n ń tẹ́ síwájú, èyí tí a kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Skọ́tíláńdì sí, tòun ti nọ́mbà wọn. Púùlù ni a ń pè é. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bí a ṣe gba púùlù náà sí inú èdè wa, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Liverpool ni púùlù tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ti ta gbòǹgbò. Ní ọdún 1923, John Moores àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá iṣẹ́ Littlewoods sílẹ̀. Wọ́n tẹ kúpọ́ọ̀nù 4,000, wọ́n sì ní kí a pín in lẹ́nu ọ̀nà pápá Old Trafford ní Manchester. Márùndínlógójì péré ni ó padà wá sí ọwọ́ wọn. Ẹni tí ó bá rí ìbẹ̀rẹ̀ náà kò ní mọ̀ pé yóò di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ní Bìrìtìkó yóò máa kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó di 1949, wọ́n ti mú eré bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ọsirélíà mọ́ ọn, kí ọwọ́ má baà dilẹ̀ ní oṣù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ń sinmi. Ní ilẹ̀ wa, àwọn oníṣòwò tiwa náà kò fi í sílẹ̀ fún àlejò: ní 1963, Olóyè Kessington Adébùtú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Face to Face sílẹ̀. Ẹdẹ kì í ṣe ìlú tí nǹkan tuntun ń pẹ́ kó tó dé, nítorí láti 1907 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Òṣogbo, tòun ti ẹrù àti ìwé ìròyìn.

Ohun ìyanu ni pé àwọn àgbàlagbà tí wọn kò dé Èkó rí mọ orúkọ Stenhousemuir, Arbroath àti Queen of the South bí ẹni mọ orúkọ ará ilé. Nígbà tí Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1976, inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò sí nínú kúpọ́ọ̀nù. Arbroath ni ó wà níbẹ̀.

Ẹni tí ó ń ta púùlù kò wá ẹni tí yóò borí. Ọ̀mì ni ó ń wá. Ọ̀rọ̀ ìdí ayò ni ọ̀mì: nígbà tí ọ̀ta méjì bá ta títí tí ẹnì kankan kò pa ẹnì kejì, a ní wọ́n ta ọ̀mì. Nídìí ayò, ọ̀mì kò mú ìyìn wá fún ẹnikẹ́ni. Nínú púùlù, òun ni ó ń sọ tálákà di olówó. Ẹni tí ó bá mú nọ́mbà mẹ́ta, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ọ̀mì, ó ti jẹ nìyẹn. Ọ̀mì tí ó bá sì dá a lójú jù lọ ni ó ń pè ní bánkà.

Orí rédíò ni a ti ń gbọ́ èsì, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ń ṣe àlùwàlá ìrun Màgríbì. James Alexander Gordon, tí ó ka èsì bọ́ọ̀lù lórí BBC láti 1974 títí di 2013, ní ọgbọ́n kan tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Bí ó bá dé orí orúkọ ẹgbẹ́ kejì, tí ohùn rẹ̀ gòkè, ẹgbẹ́ náà ti borí. Bí ohùn náà bá lọ sílẹ̀, ó ti pàdánù. Bí ó bá sì tẹ́jú, ọ̀mì ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka èyí sí àràmàǹdà. Kò lè jẹ́ àràmàǹdà fún ará Ẹdẹ. Ìlú tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ti jọba láti 1946 sí 1975 ni a wà, ọba tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Mo mọ àgbàlagbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, tí ó sì ń mọ ọ̀mì kí akàròyìn tó pe iye góòlù.

Ṣùgbọ́n etí kò lè ka ìwé. Kí Sátidé tó dé, ìwé fókáàsì yóò ti jáde, nínú èyí tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ti máa ń sọ nọ́mbà tí ó yẹ kí a mú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Téélọ̀, kò kàwé. Èmi ni mo ń kà á fún un, lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nígbàkigbà tí mo bá rí ọ̀rọ̀ náà ‘forecast’, ohun tí mo ń sọ fún un ni pé, “Wọ́n sọ àsọtẹ́lẹ̀ pé.” Bí mo bá rí ‘banker’, n ó ní, “Èyí dájú.” Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wa fún ohun tí a ń sọ kí ó tó ṣẹlẹ̀ ni mo lò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ ẹni tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá: babaláwo ni, wòlíì ni, ààfáà ni. Ẹni tí a rán ní iṣẹ́ ni.

Ní ọyẹ́ ọdún 1977, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí ààyè sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan. Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní Ọjà Tìmì. Ó kó ọgọ́ta náírà jọ, ó sì fi lé Bàbá Téélọ̀ lọ́wọ́ láti bá a san án, nítorí ọkùnrin náà ni yóò rìnrìn àjò sí ìlú náà ní Mọ́ńdè. “Ọkọ mi, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀,” ni ìyá mi wí, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní Fúráídè, mo ka fókáàsì fún Bàbá Téélọ̀. Nọ́mbà mẹ́ta ni ìwé náà tọ́ka sí. Mo ní, “Bàbá, ti ọ̀sẹ̀ yìí dájú ju ti gbogbo ìgbà lọ.” Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nọ́mbà méjì jẹ́ ọ̀mì. Nígbà tí akàròyìn dé orí ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bàbá Téélọ̀ kò dúró gbọ́ iye góòlù. Ó dìde, ó sì fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó bá mi sọ ọ́, láìbínú: “Ìwọ ni o kà á fún mi.” Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Aṣọ ni ó ń tà ní Òṣogbo títí ó fi dàgbà.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo ti ṣì túmọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú eré kan bí àpẹẹrẹ. Oníbẹ́ẹ̀tì sọ pé bí onílé bá borí, òun yóò san 2.00 lórí náírà kan. Bí ó bá jẹ́ ọ̀mì, 3.40, bí àlejò bá borí, 3.80. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pín ọgọ́rùn-ún: ẹ ó rí 50, 29.4 àti 26.3. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 105.7. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nínú eré kan kò lè ju ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Níbo ni 5.7 ti wá? Èrè ẹni tí ó pàtẹ ni. Iye náà kì í sì í dúró sójú kan: bí owó bá pọ̀ jù lórí ẹgbẹ́ kan, yóò dín iye rẹ̀ kù. Òye eré wà nínú rẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi ṣe ń dá iye lé èlùbọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti wo ọjà ni òun náà ṣe ń dá iye lé ọ̀la. Ìdíyelé ni. Babaláwo a máa wo ìṣòro ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀, a sì máa yan ẹbọ fún un. Ẹni tí ń díye lé eré kò mọ̀ bóyá owó nọ́ọ̀sì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó rántí ọdún 1963. Òtútù àti yìnyín ìgbà náà di pápá ní Bìrìtìkó pa, eré kò sì lè wáyé. Àwọn onípúùlù kò fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ ṣòfò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní, wọ́n kó ìgbìmọ̀ kan jọ, tí Tom Finney àti Tommy Lawton, àwọn ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù àtijọ́, wà nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó sínú yàrá, wọ́n sì kéde èsì eré 38 tí ẹnì kankan kò gbá: onílé borí nínú 23, àlejò borí nínú 8, méje jẹ́ ọ̀mì. Ọjà gbọ́dọ̀ ná, bí ọjà kò tilẹ̀ sí lórí àtẹ.

Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti pọ̀ ní Ẹdẹ. Federal Polytechnic wà níbẹ̀ láti 1992, Adeleke University láti 2011, Redeemer's University náà sì ń bẹ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí wà ní ọ̀kan nínú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó wá kí mi, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń fi bọ́ọ̀lù olórí ṣóńṣó ṣe ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ ìtàn ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹni tí ó fara pa, bí ojú ọjọ́ yóò ti rí, àti ọ́ọ̀dì lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ 7.5 síwájú ẹgbẹ́ tí ó lágbára, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ fi àmì mẹ́jọ, ó kéré tán, borí kí ẹni tí ó gbè é tó lè jẹ. Ọmọ náà kò rí eré náà wò rí, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Téélọ̀ kò ti rí Arbroath.

Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti wọ́gi lé òfin àpapọ̀ tí ó de tẹ́tẹ́ eré ìdárayá ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, 2018, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tiwa náà wọ́gi lé òfin lọ́tìrì 2005 ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá, 2024, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn aṣòfin Àbújá láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn adájọ́ ti sọ ẹni tí ó ni àṣẹ. Kò sí ilé-ẹjọ́ tí yóò bá wa sọ ohun tí a ó máa pe nǹkan náà ní èdè wa. Àwa ni a ni ìyẹn.

Ọmọ náà bi mí pé, “Bàbá àgbà, kí ni wọ́n sọ pé yóò ṣẹlẹ̀?” Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ, èrò mi ni ó ń wá. Mo wọ awò ojú mi, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní, “Wọn kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ ni wọ́n kọ síbí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó gba fóònù rẹ̀, ó sì fi sínú àpò. N kò bi í léèrè ohun tí ó ṣe nígbà tí ó dé ọ̀hún.