Igún Ọjà'ba àti Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré

Kí wọ́n tó parí Gbọ̀ngàn Mápó ní 1929 ni igún àti àwòdì ti ń rábàbà lókè Ọjà'ba. Ibi tí alápatà bá ti ń kun ẹran ni wọ́n ti ń jẹun. Yorùbá kì í pa igún. Òun náà a sì máa palẹ̀ ẹ̀gbin ọjà mọ́.

Ní 1982, pápá ọkọ̀ òfurufú Alákíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹyẹ àti bàálù jọ ń lo òfurufú Ìbàdàn.

Ewu yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1905, Orville Wright kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ òun kọlu ẹyẹ. Ní 1912, ẹyẹ òkun há mọ́ ìjánu ọkọ̀ Calbraith Rodgers ní Califonia. Ọkọ̀ náà já, ó sì kú. Ní 1988, ẹyẹlé wọ ẹ́ńjìnnì bàálù ńlá kan ní Bahir Dar, ní Etiópíà. Ènìyàn 35 ló bá a lọ.

Ti ọkọ̀ kékeré le jù: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan, gíláàsì iwájú rẹ̀ kò sì nípọn. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìkọlù a di ìlọ́po mẹ́rin.

Àjọ ìrìnnà òfurufú lágbàáyé dámọ̀ràn pé kí ààtàn jìnnà tó kìlómítà 13 sí pápá bàálù. Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí Alákíà. Ẹni tó da ìfun ẹran sí gọ́tà lọ́jà ti pe ẹyẹ. Awakọ̀ òfurufú ni yóò pàdé rẹ̀.