Ọ̀làjú, Ìgbéga àbí Ìdàgbàsókè? Yíyan Ọ̀rọ̀ Nínú Ìtàn Ìlíṣàn

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fẹ́ sọ pé nǹkan dára sí i, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò: ọ̀làjú, ìlọsíwájú, ìdàgbàsókè àti ìgbéga. Wọ́n ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé ìtàn bá yàn ti jẹ́ ìdájọ́ lórí ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án, 1959, ìjọ Adventist bẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 7. Ní 1975 ó di sẹ́mínárì. Ní 1999 ó di Yunifásítì Babcock.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé ‘ọ̀làjú dé Ìlíṣàn ní 1959’, gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò tọ̀nà. Ojú tí ó dì ni ó ń là. Ìlú tí ó ti ní ọba àti ọjà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1955, ojú rẹ̀ ti là. Nínú àròkọ tí J. D. Y. Peel gbé jáde ní 1978, ó so ọ̀làjú mọ́ ìmọ̀ tí a ń rí gbà nípa ìwé, òwò àti ìrìn-àjò. Kì í ṣe gbogbo ohun tuntun ni ọ̀rọ̀ náà gbà.

‘Ìgbéga’ bá ti 1999 mu, nítorí ìjọba àpapọ̀ ni ó fún un ní àṣẹ; ohun tí a gbé ga, ẹnìkan ni ó gbé e. ‘Ìdàgbàsókè’ bá akẹ́kọ̀ọ́ 7 tí ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún mu, nítorí láti ara gbòǹgbò ni nǹkan ti ń dàgbà. Ní ti 1975, ‘ìyípadà’ ni a lè pè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ pè é ní ‘ìlọsíwájú’ ní láti kọ́kọ́ fi ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń lọ hàn wá.

Nítorí náà, kí olùyẹ̀wò máa béèrè ìbéèrè méjì nígbà tí ó bá ń fún àròkọ ní máàkì: kí ni ó wà tẹ́lẹ̀? Ta ni ó ṣe é? Bí a kò bá béèrè wọn, àwọn ọmọ wa yóò máa kọ ìtàn ìlú wọn bí ẹni pé òkùnkùn ni ó wà níbẹ̀ kí àlejò tó dé.