Kọ̀mpurẹ́sọ̀ fún títẹ́ pákó sílẹ̀ ilé: ohun tó yẹ kí ará Ìdí-Ìrókò yẹ̀ wò kó tó sanwó

Ẹrù tòkunbọ̀ kì í ṣe àjèjì lójú ará Ìdí-Ìrókò, ìlú tó wà lẹ́nubodè Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Ṣùgbọ́n kọ̀mpurẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú táǹkì, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Èyí tí kò bá iná mu á jó. Èyí tí táǹkì rẹ̀ ti dípẹtà lè bú gbàmù.

Ṣé iṣẹ́ náà tiẹ̀ nílò rẹ̀?

Ẹni tó fẹ́ tẹ́ táìlì, kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tàbí pákó tó ń há mọ́ra wọn kò nílò kọ̀mpurẹ́sọ̀. Pákó gidi bíi ìrókò tàbí apá, tí káfíńtà fẹ́ fi ìbọn ìṣó kàn, ló nílò rẹ̀. Ìbọn yìí kì í kan pákó mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ní tààrà; wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ plywood síbẹ̀.

Agbára afẹ́fẹ́

Ìbọn ìṣó ló ń sọ irú kọ̀mpurẹ́sọ̀ tó yẹ. Ọ̀pọ̀ ìbọn tó ń kan pákó ilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láàrin 70 sí 110 PSI. Bar ni géèjì ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń lò: 90 PSI jẹ́ bíi 6.2 bar. Nọ́ńbà kejì ni CFM, ìyẹn iye afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Fún ìbọn kan, 3 CFM ní 90 PSI sábà máa ń tó, pẹ̀lú táǹkì lítà 20 sí 25. Táǹkì ńlá bíi tàwọn fọkanáísà ṣòro láti gbé wọ yàrá.

Iná

Iná Nàìjíríà àti ti Benin ò yàtọ̀: bíi 230 vóòtì, 50 Hz. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 vóòtì, 60 Hz. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bá kì bọ iná ilé wa á jó. Transformer lè dín vóòtì kù, àmọ́ kò lè yí 50 Hz padà. Mọ́tò náà á máa fà, á sì tètè gbóná. Gbogbo èyí wà lára àkọlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Mọ́tò 1.5 HP ń jẹ ju wáàtì 1,100 lọ, nígbà tó bá sì ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta. Jẹnẹrétọ̀ kékeré oníwáàtì 950 ò lè gbé e.

Táǹkì tòkunbọ̀

Omi máa ń dúró sísàlẹ̀ táǹkì, òun ló ń jẹ irin láti inú. Kí olùrà ṣí ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀: bí omi pupa bá jáde, kó fura. Táǹkì tí wẹ́dà ti jó, kó fi sílẹ̀. Kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà níṣojú rẹ̀, kó rí i pé ó ń kú fúnra rẹ̀ tó bá kún, àti pé fáàfù tó ń tú àpọ̀jù afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá dí fáàfù yẹn ń fi ẹ̀mí ṣeré.

Lẹ́yìn rírà, kí wọ́n máa tú omi rẹ̀ dànù lálaalẹ́. Bí ìṣó bá há sẹ́nu ìbọn, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Bó bá jẹ́ yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ tẹ́, háyà kọ̀mpurẹ́sọ̀ lè dín ìnáwó kù ju rírà lọ.