Ọjọ́ Yemọja ní Salvador: ìgbà wo ni oúnjẹ yìí kúrò lórí iná?

Aago 5 ìdájí

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí iná ayẹyẹ ti ń dún lókè òkun. Àdúgbò Rio Vermelho nìyí, ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl. Ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún ni ọjọ́ Yemọja níbí. Láàárín àwọn ọdún 1920 ni àwọn apẹja àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀bùn lọ bá a lójú omi, kí àwọ̀n wọn má baà máa bọ̀ lófìfo. Nísinsìnyí, gbogbo ìlú ló ń bá wọn gbé e. Èrò ti tò gùn rẹrẹ lẹ́yìn ilé àwọn apẹja, aṣọ funfun, aṣọ búlúù, òdòdó lọ́wọ́ ọ̀tún, ìgò lọ́fínńdà lọ́wọ́ òsì.

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá á gbọ́ orúkọ Yemọja lẹ́nu àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, orí rẹ̀ á sì wú. Ewu àjò náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń dín àkàrà, ilá wà, epo pupa wà, ara á tù wá pẹ̀sẹ̀ bí ìgbà tí a wà nílé, a ó sì máa jẹ ohun tí a kò wò dáadáa.

Èmi àti àbúrò mi kan tó ń kàwé ní São Paulo la jọ jáde. Mo sọ fún un lójú ọ̀nà pé oúnjẹ àjèjì kò bà mí lẹ́rù. Ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí oúnjẹ kúrò lórí iná, àti ọwọ́ tó kàn án láti ìgbà náà. Kòkòrò àìfojúrí tó ń da inú rú kì í bèèrè bóyá a ti mọ oúnjẹ ọ̀hún láti kékeré. Tí oúnjẹ bá wà láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 ti Celsius, ṣe ni wọ́n ń bí sí i kíákíá. Èyí tí wọ́n ti sè, tó sì ti lo ju wákàtí méjì lọ nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, kò yẹ ní jíjẹ mọ́. Bí oòrùn bá mú ju 32 lọ, wákàtí kan péré ni. Oṣù kejì sì rèé, ìgbà tí ooru mú jù lọ ní Bahia.

Aago 7 àárọ̀

A padà sílé màmá kan tí a wọ̀ sí lọ jẹun àárọ̀. Màmá ń ṣe beiju. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tó tutù díẹ̀ ló ń kù sínú páànù gbígbóná; á dì mọ́ra fúnra rẹ̀, màmá á bu àgbọn rírin sí i, á sì ká a. Láti orí páànù sẹ́nu wa, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Omi mímu wà nínú àmù amọ̀ alájà méjì, irú èyí tó wọ́pọ̀ nílé àwọn ará Bràsíl: omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń dà sí ti òkè, á gba inú asẹ́ kan kọjá sí ti ìsàlẹ̀. Màmá rọ ọ́ kún ìgò wa, ó ní ká má ra omi lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré kiri.

Iṣẹ́ tó kù ti parí ní Nàìjíríà kí n tó wọ bàálù. Mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti àrùn mẹ́dọ̀wú ẹ̀yà A àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, yẹ́lò káàdì wà lápò mi, àpò ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru sì wà nínú báàgì. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí inú bá dà á rú kó tó máa wá ilé oògùn kiri, nílùú tí kò gbọ́ èdè wọn, ó ti pẹ́.

Aago 10 àárọ̀

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká mu omi ìrèké."

Ẹ̀rọ ń fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, omi náà ń hó yẹ̀ẹ́. Mo wo ìrèké tó kù: ilẹ̀ ni wọ́n kó o sí, wọn ò bó o, wọn ò fọ̀ ọ́. Ní ọdún 2005, ní ìpínlẹ̀ Santa Catarina ní gúúsù Bràsíl, àwọn èèyàn mu omi ìrèké lẹ́bàá títì, wọ́n sì kó àrùn Chagas. Àwọn kan nínú wọn kú. Kòkòrò kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló sá pamọ́ sáàárín ìrèké, wọ́n sì fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Ohun àìfojúrí tó ń fa àrùn náà wà nínú ìgbẹ́ kòkòrò ọ̀hún. Iná kò kan omi ìrèké rárá, nítorí náà kò sí ohun tó máa pa á kó tó dé ọ̀nà ọ̀fun.

Ká ní a rí ẹni tó bó ìrèké rẹ̀, tó fọ̀ ọ́, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì mọ́, ǹ bá mu ún. A ra àgbọn tútù dípò rẹ̀. Omi inú àgbọn kò tíì rí atẹ́gùn títí àdá fi kàn án lójú wa.

Aago 12 ọ̀sán

Ìdí alákàrà lọjọ́ náà ti dùn mọ́ mi jù. Obìnrin náà jókòó nínú yẹ̀rì funfun gbàgẹ̀dẹ̀, gèlè funfun lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, agbada epo pupa níwájú rẹ̀. Láyé ẹrú, irú wọn ló ń gbé igbá oúnjẹ kiri ìgboro Salvador. Olówó wọn ló ń gba èyí tó pọ̀ nínú èrè, àwọn mìíràn sì ń tu ìyókù jọ títí wọ́n fi ra ara wọn padà. Ọdún 1888 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú dé ní Bràsíl. Ní 2005, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú ohun ìní àṣà, IPHAN, kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà yìí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè náà. Oúnjẹ Ọya ni àkàrà ṣì jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà níbẹ̀, àwọn alákàrà mìíràn a sì máa dín kékeré fún Èṣù kí wọ́n tó tà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀wà ni, bíi ti wa: wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n bó èèpo rẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ àlùbọ́sà, wọ́n pò ó títí ó fi fúyẹ́. Títóbi rẹ̀ tó ìkúùkù. Epo tó ń hó ló ti jáde, ooru rẹ̀ sì ju ti omi híhó lọ fíìfíì. Kòkòrò kì í sábà yọ nínú ìyẹn. Àmọ́ wọn kì í jẹ ẹ́ lásán. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á rọ vatapá sí i, ìyẹn búrẹ́dì, edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kajú, omi àgbọn àti epo pupa tí wọ́n rò pọ̀ títí ó fi ki. Wọ́n á bu caruru lé e, ilá tí wọ́n sè pẹ̀lú edé. Wọ́n á fi tòmátì tútù sí i, wọ́n á fi edé dé e.

Inú ọbẹ̀ wọ̀nyẹn ni ìṣòro máa ń gbà wọlé. Àkàrà tí a mọ̀ láti ilé kò lè ṣe wá ní nǹkan. Vatapá tí wọ́n rò ní òru, tó sì jókòó nínú oòrùn dọ̀sán, ló lè ṣe é. Nítorí náà mo dúró, mo ń wo obìnrin náà kí n tó yọ owó. Ìkòkò vatapá rẹ̀ kéré, ó dé e. Nígbà tó tán, wọ́n gbé òmíràn tó ń rú èéfín jáde láti ilé ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan ló ń gba owó. Ọwọ́ alákàrà kò kàn án. Èrò tò síwájú rẹ̀, ohunkóhun kò sì ráyè pẹ́ lórí tábìlì. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ata, mo ní kó bu ú dáadáa. Mo ní kó fi tòmátì tútù sílẹ̀, nítorí mi ò mọ omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́.

Ó dùn. Ẹ̀pà àti edé jọ gba ẹnu, epo pupa wá bò wọ́n mọ́lẹ̀, ata sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ ẹ̀pà, kajú tàbí edé kò gbọdọ̀ fi vatapá kan ẹnu láé, nítorí wọ́n ti lọ̀ wọ́n pọ̀, ojú ò lè rí wọn. Kó kọ́ ìbéèrè méjì yìí sórí kó tó kúrò nílé: "Tem amendoim?" ni a fi ń bèèrè bóyá ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, "Tem camarão?" ni ti edé. Bí ètè bá ń wú tàbí tí ọ̀fun ń dí, nọ́ńbà 192 ni wọ́n ń pè fún ọkọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì jákèjádò Bràsíl.

Aago 1 ọ̀sán

Ìlà alákàrà náà gùn, àbúrò mi kò tíì jẹ, ebi sì ń pa á. Ọkùnrin kan ń kọjá pẹ̀lú ike lórí, ó ti là àkàrà tirẹ̀, ó ti rọ vatapá sí i, ó ti fi ọ̀rá wé e. Àbúrò mi ra ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ lórí ìrìn.

"Ó gbóná?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ìlọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn gan-an ni kòkòrò ń fẹ́.

Aago 2 ààbọ̀

Oúnjẹ ọ̀sán nílé màmá. Feijoada ni ọ̀pọ̀ ilé ń sè lọ́jọ́ yìí, ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Mùsùlùmí ni àbúrò mi, ó sì ti bèèrè láti àná: "Tem porco?" Inú màmá dùn pé ó bèèrè, kò bínú rárá, ó sì se moqueca fún un, ẹja tó ń hó nínú epo pupa àti omi àgbọn, nínú ìkòkò amọ̀. Gbogbo wa la bu díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìkòkò kẹta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Maniçoba ni, ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wá fi ẹran sí. Ìlú Cachoeira ní Recôncavo ni màmá ti wá, oúnjẹ àríyá wọn nìyẹn. Sáyánáìdì wà nínú ewé ẹ̀gẹ́ tútù, bó ṣe wà nínú iṣu rẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń rin, tí wọ́n ń fún, tí wọ́n sì ń yan kó tó di gàrí. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni màmá fi sè é, tó ń da omi sí i. Àkókò tó ń ba vatapá jẹ́ ni ó ń tún ewé ẹ̀gẹ́ ṣe, bí iná bá ṣáà ti wà lábẹ́ rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tìfẹ́tìfẹ́, nítorí mo mọ ẹni tó sè é, mo sì mọ ọjọ́ tó gbé e kaná. Lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀, mi ò ní tọ́ ọ wò.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n gbé ẹ̀bùn ńlá wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré sì tẹ̀ lé e. Ìlù ń dún, èrò ń ti ara wọn. Mo fi fóònù sápò iwájú, mo dì í mú. Ẹnìkan ń ta ìṣáwùrù òkun ní tútù, ó ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ọsàn kì í pa kòkòrò mẹ́dọ̀wú tó wà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí náà a kọjá. Ọtí líle tí wọ́n ń pò nínú ife láti inú ìgò aláìlórúkọ ńkọ́? Ní 2025, ọtí ayédèrú tí wọ́n fi methanol sí pa èèyàn ní São Paulo, ó sì fọ́ àwọn mìíràn lójú. Ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015, àwa náà ti sin òkú irú rẹ̀.

Aago 5 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́

Àbúrò mi dúró lójijì, òógùn bò ó, ó sì bì. Kí a tó délé ó tún bì lẹ́ẹ̀mejì, inú sì ń run ún.

Gbogbo wa la jẹ moqueca, kò sì sí ẹlòmíràn tó ṣe. Ohun tó dá nìkan jẹ ni àkàrà inú ọ̀rá, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ sẹ́yìn. Èébì tó yára dé báyìí, láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà, májèlé tí kòkòrò ti pò sílẹ̀ sínú oúnjẹ ló sábà máa ń fà á. Ẹni tó bá sì fi iná mú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ gbóná padà á pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé tó ti tú sílẹ̀ lè dúró síbẹ̀.

Mo da ìyẹ̀fun inú báàgì mi sínú omi tí a sẹ́. Ẹni tí kò bá ní i, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, tí kò ga ju etí ṣíbí lọ, nínú lítà kan omi tó mọ́, iṣẹ́ kan náà ni. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Mo ní kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì í, ká dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ká tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká lọ ọsibítù?"

Mo ní tí mo bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ibà líle, tàbí tí omi kò bá dúró nínú rẹ̀ rárá, tí kò sì tọ̀ títí di òru, a ó lọ lójú ẹsẹ̀. Ilé ìtọ́jú pàjáwìrì ìjọba, tí wọ́n ń pè ní UPA, kò jìnnà, ètò ìlera gbogboogbò wọn sì ń tọ́jú àjèjì tí nǹkan pàjáwìrì bá lọ́fẹ̀ẹ́.

Aago 9 alẹ́

Omi ti ń dúró. Ó tọ̀, ó sì ní kí n bá òun wá búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀.

Aago 10 alẹ́

Mo wọ ilé ìdáná, mo bá màmá lẹ́nu iṣẹ́. Moqueca tó kù ti wà nínú fíríìjì láti bí aago mẹ́rin. Kí ìkòkò tó tutù tán ló ti dà á sínú àwo pẹlẹbẹ kí ooru lè tètè kúrò nínú rẹ̀. Mo sọ fún un bí àwa ṣe ń fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí ààrò mọ́jú, tí a ó kàn gbé e kaná láàárọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun náà ń ṣe ní Cachoeira, kí iná mànàmáná tó dé. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, iná ọ̀hún kì í dúró di ilẹ̀ mọ́. Ó ronú díẹ̀, ó sì dáhùn pé kí ẹni tí kò ní fíríìjì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé máa se ìwọ̀n tó máa tán lójúmọ́.

Àbúrò mi pè láti yàrá, ó ní ṣé òun lè jẹ moqueca lọ́la. Màmá ní bó bá sùn láìbì, á jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, lẹ́yìn tó bá ti hó.