Sitatísíìkì nínú Ìwádìí Oúnjẹ àti Ìṣiṣẹ́ Ara

Sitatísíìkì nínú ìwádìí oúnjẹ àti ìṣiṣẹ́ ara ni ìmọ̀ tí a fi ń dá a mọ̀ bóyá ohun tí àwọn ènìyàn jẹ tàbí tí wọ́n lò ló fa ìyàtọ̀ tí a rí lára wọn, tàbí ìyàtọ̀ náà kàn ṣèèṣì wáyé ni. Ara kò rí bákan náà: oúnjẹ kan náà a máa gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sókè ju ti ẹlòmíràn lọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo pàápàá a sì máa yí padà láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí a máa rò pé ìṣirò ló le jù níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti gba ìyẹn ṣe. Ibi tó le ni bí a ṣe pín àwọn ènìyàn sí ẹgbẹ́ àti bí a ṣe wọ̀n wọ́n.

William Sealy Gosset, òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Guinness ní Dublin, fi orúkọ “Student” tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lọ́dún 1908 lórí bí a ṣe lè ṣèdájọ́ nígbà tí àwọn tí a wọ̀n kò bá pọ̀. Ó mú àpẹẹrẹ láti ara àwọn aláìsàn 10 ní Kalamazoo, l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbìyànjú oògùn oorun méjì. Ní ìpíndọ́gba, oògùn kìíní fi wákàtí 0.75 kún oorun wọn. Èkejì fi 2.33 kún un. Bí a bá kà wọ́n sí ènìyàn 20 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyàtọ̀ wákàtí 1.58 yìí kò tíì dáni lójú, nítorí oorun ẹnì kan jìnnà sí ti ẹnìkejì: oògùn kejì fi wákàtí 5.5 kún ti ẹnì kan, ti òmíràn sì dín díẹ̀. Àmọ́ bí a bá fi olúkúlùkù wé ara rẹ̀, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jèrè oorun ju ti àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú oògùn kejì, bákan náà ni méjèèjì sì rí fún ẹnì kan tó kù. Ká ní oògùn méjèèjì kò yàtọ̀ síra, irú èsì yìí yóò wáyé ní bí ìgbà 3 péré nínú 1,000. Àwọn nọ́ńbà náà wà nínú R, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, lábẹ́ orúkọ “sleep”. Ó ṣòro láti rí ibi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, kò sí ìwádìí tó kọ́ni lọ́gbọ́n tó ti Lanarkshire, ní Scotland, lọ́dún 1930. Bí ọmọ ilé-ìwé 20,000 ló wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún mu wàrà tí a kò sè, ẹgbẹ̀rún márùn-ún mu èyí tí a ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó kù kò gba wàrà, kí a lè fi àwọn yòókù wé wọn. Oṣù mẹ́rin ló gbà. Gègé tàbí lẹ́tà orúkọ ló yẹ kó yan àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n a gba àwọn olùkọ́ láyè láti ṣe pààrọ̀ bí ó bá jọ pé àwọn ọmọ tó jẹun kánú tàbí àwọn tó rù pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ kan. Ó jọ pé àánú mú kí àwọn olùkọ́ kan fi àwọn ọmọ tó rù sínú ẹgbẹ́ tó ń mu wàrà. Nígbà tí Student yẹ iṣẹ́ náà wò lọ́dún 1931, ó rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn tí kò gba wàrà ti fi nǹkan bí ìdàgbà oṣù mẹ́ta tóbi jù ní ìwúwo, àti oṣù mẹ́rin ní gíga. Aṣọ tún dá kún un: a wọ̀n wọ́n taṣọtaṣọ nígbà òtútù, a tún wọ̀n wọ́n nígbà tí ooru dé. Ọmọ olówó bọ́ aṣọ nínípọn sílẹ̀. Ọmọ tálákà kò ní púpọ̀ láti bọ́. Òbítíbitì ọmọ kò lè tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe.

Student ní àádọ́ta ìbejì tó jọra pátápátá, kí ọ̀kan mu wàrà tí a kò sè kí èkejì mu èyí tí a ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, ìbá fúnni ní èsì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju èyí lọ pẹ̀lú owó kékeré. Ìlú bí Ìgbó-Ọrà, tí ìbejì pọ̀ sí gidigidi, kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìmọ̀ràn yìí mu, nítorí ọ̀pọ̀ ìbejì ibẹ̀ ló wá láti inú ẹyin méjì, wọn kò sì jọra ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ.

Wíwọn oúnjẹ fúnra rẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tí a bi pé kí ló jẹ lánàá lè dáhùn pé àmàlà ni. Ìdáhùn òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ bí òkèlè ṣe tó, kò sì sọ pé ẹ̀wà ni yóò jẹ lọ́la. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè ṣojú ìṣe jíjẹ ẹnì kan, ìwọ̀n tó ń ṣe ségesège báyìí a sì máa jẹ́ kí àjọṣe tòótọ́ láàárín oúnjẹ àti àìsàn dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹni tó bá sì yẹ èròjà oúnjẹ 20 wò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òdiwọ̀n ìdá 5 nínú 100, ìyẹn ni pé èsì tí èèṣì lè mú wá ní ìgbà 5 péré nínú 100 ni yóò kà sí òótọ́, yẹ kó retí pé ọ̀kan yóò ṣèèṣì jọ òótọ́, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́.

Níbi tí a kò ti lè ṣẹ́ gègé, ìṣirò tó ń wo ọ̀pọ̀ nǹkan pa pọ̀ ni a ń lò. Lọ́dún 1997, olùwádìí Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí jáde lórí ènìyàn tó lé ní 10,000 tí ìran wọn wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn tí a ti mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí dọ́gba, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ìdá 16 nínú 100 ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, 26 ní erékùṣù Karibíánì, 33 l'Amẹ́ríkà. Bí ara ṣe ń sanra sí i láti ibì kan dé ibòmíràn ni iye náà ń ga. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lè yọ ọwọ́ ohun tí a ti wọ̀n, bí ọjọ́ orí tàbí iyọ̀, kúrò nínú ọ̀ràn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n, ì báà jẹ́ ìdààmú ọkàn tàbí iṣẹ́ àṣekára, yóò ṣì wà níbẹ̀.