Pèrègún, Sọ́fè àti Ẹnu Ẹbí: Ìtàn Wíwọn Ilẹ̀ Kí A Tó Ta Ilé

Ẹni tó bá rìn káàkiri ìlú Èkó tàbí Ìbàdàn yóò rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri ilé púpọ̀: "Ilé yìí kì í ṣe títà." Ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má baà ta ilé náà lẹ́yìn òun. Báwo ni ilé tó ní ẹni tó ni ín ṣe lè di ohun tí ẹni tí kò ni ín yóò gbé tà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn bí a ṣe ń mọ ààlà ilẹ̀ àti bí a ṣe ń mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tó bá sì fẹ́ ta ilé gbọ́dọ̀ rí sí méjèèjì kó tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Láyé àtijọ́, pèrègún ni àwọn baba ńlá wa máa ń gbìn sí ààlà ilẹ̀, nítorí pé ó máa ń tutù yọ̀yọ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n igi kì í sọ̀rọ̀, àwọn àgbà ló ń bá a sọ ọ́. Bí ìjà bá dé, wọ́n á pe àwọn tó mọ ìtàn ilẹ̀ náà, wọ́n á jọ rìn yí i po. Ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ti àwọn tó ti kú ni, ti àwọn tó wà láàyè ni, ti àwọn tí a kò tíì bí sì ni pẹ̀lú. Olórí ẹbí kàn ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn ni.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ní Èkó lẹ́yìn ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi ìlú náà lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní ọdún 1863, ìjọba yan àwọn tí yóò máa wádìí ẹni tó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fún àwọn èèyàn ní ìwé ilẹ̀. Àwọn Sàró tó dé láti Freetown àti àwọn Àgùdà tó dé láti Brazil àti Cuba tètè mọ iyì ìwé yìí, nítorí pé wọ́n lè fi ta ilé, wọ́n sì lè fi yáwó lọ́wọ́ oníṣòwò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Orúkọ ẹnì kan ló máa ń wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí ló ń gbé inú ilé.

Ẹjọ́ ilé Olóyè Mabinuori jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Olóyè náà kú ní ọdún 1874, síbẹ̀ ní ọdún 1908, àwọn ìran rẹ̀ ṣì ń bá ara wọn ṣẹjọ́ ní Èkó lórí agbo ilé tó fi sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ gbà pé ilé ẹbí ni.

Àpẹẹrẹ kejì kan Herbert Macaulay. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú, ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ ni kó tó di olóṣèlú. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1890, ó padà ní 1893, ó bá ìjọba wọn ilẹ̀ títí di 1898, lẹ́yìn náà ló dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá tó wà lábẹ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa. Ilé ẹjọ́ ní Èkó kò gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bìínú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ilẹ̀. Olóyè Olúwa kò gbà. Ní 1920, òun àti Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London, ní 1921 sì ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá a láre, pé ti àwọn ará ìlú lápapọ̀ ni ilẹ̀ náà, olórí wọn sì ni Olúwa. Ẹ jẹ́ ká kíyè sí i: awọnlẹ̀ ló tẹ̀ lé e lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹni tó ni ilẹ̀ ni.

Lónìí, sọ́fè ti gba ipò pèrègún. Bí ẹbí kan bá fẹ́ ta ilé, awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí wọ́n pè. Yóò wọn igun kọ̀ọ̀kan, yóò ri òpó kọnkéré kékeré tó ní nọ́ńbà mọ́ ibẹ̀, yóò sì ya àwòrán tó fi ìwọ̀n ilẹ̀ hàn. Púlọ́ọ̀tì kan ní Èkó sábà máa ń jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ìpínlẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1978, ẹni tó bá ta ilé nílò àṣẹ gómìnà pẹ̀lú, sọ́fè sì wà lára ìwé tí wọ́n máa ń béèrè.

Àǹfààní tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé kí wíwọn náà ṣáájú títà. Bí ògiri aládùúgbò bá ti wọ inú ilẹ̀ ẹni, ọjọ́ náà ni yóò hàn. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan kò bá fọwọ́ sí títà, ọjọ́ tó bá rí àwọn awọnlẹ̀ nínú ọgbà ni yóò sọ̀rọ̀. Owó ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ ọ́, nítorí náà àwọn àgbà ṣì lè parí rẹ̀ lórí ìjókòó. Bí oníbàárà bá ti sanwó, ilé ẹjọ́ ló kù.

Síbẹ̀, sọ́fè ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè sọ ibi tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kò lè sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ní owó awọnlẹ̀ lè fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe sọ́fè ilẹ̀ ẹbí. Ìdí nìyí tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ fi dá a lẹ́jọ́ ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìgba ìmọ̀ràn àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí, wọ́n lè fagi lé títà náà. Bí ọmọ ẹbí kan bá sì dá a tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé dahoro. Àwọn tó mọ ibi tí pèrègún wà ń dàgbà, ọ̀pọ̀ wọn sì ti lọ. Ní ilé púpọ̀, ilé yẹn nìkan ni ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ méje tàbí mẹ́jọ. Kí ẹbí pe awọnlẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ṣì lè dìde láti tọ́ka sí ààlà, kí gbogbo ẹ̀ka sì fọwọ́ sí ìwé náà. Ilé tí wọ́n bá ṣe báyìí fún kò ní nílò ọ̀dà lára ògiri.