Ìtàn Ọpọ́n Ayò, láti Inú Ilẹ̀ dé Orí Ègékù Pákó

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nínú àwọn eré tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́, mo ka ayò sí èyí tí ohun èlò rẹ̀ kéré jùlọ, tí ọgbọ́n inú rẹ̀ sì jinlẹ̀ jùlọ. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, 6 ní apá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò jẹ́ 48, 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kàn a kó ọmọ inú ihò kan, a sì pín wọn ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí èyí tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí apá ẹnìkejì rẹ̀, tí iye inú ihò náà sì di 2 tàbí 3, ó jẹ wọ́n nìyẹn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni ti ẹni tí ń ṣe ọpọ́n náà. Lónìí, àwọn ilé mìíràn a máa ra ọpọ́n bí wọ́n ti ń ra ìkòkò, àwọn ọmọ mìíràn sì mọ ayò láti ojú fóònù nìkan. Ìtàn eré náà fi hàn pé ohun tí ó gbà á là láti ìran dé ìran ni pé ẹnikẹ́ni lè fi ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀ ṣe ọpọ́n.

Ó ṣòro láti kọ ìtàn ọpọ́n ayò, nítorí igi ni. Ère idẹ àti ère amọ̀ àwọn ará Ifẹ̀ wà títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi igi gbẹ́, bí ikán kò bá jẹ ẹ́, òjò a mú kí ó jẹrà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọpọ́n kò tilẹ̀ jẹ́ igi rárá: ọmọdé a gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ nínú àgbàlá, bí òjò bá sì rọ̀, ọpọ́n ti lọ. Nítorí náà kí olùkọ́ kankan má ṣe sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé ọdún báyìí ni ayò bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọpọ́n tí gbẹ́nàgbẹ́nà fín ọnà sí lára fún ọba àti ọlọ́rọ̀ ni àwọn òyìnbó kó lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Ẹni tí ó bá wo ìwọ̀nyí nìkan lè rò pé eré ọlọ́lá ni ayò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òkun. Ní ọdún 1893, nígbà ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, Stewart Culin rí àwọn ará Dahomey, aládùúgbò wa ní ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n ń ta irú eré yìí. Adji ni wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀. Ó kọ àròkọ kan lórí rẹ̀, ó sì pè é ní eré gbogbo Áfíríkà. Ní ọdún 1929, Melville Herskovits kọ̀wé nípa eré àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé inú igbó Suriname, àwọn tí baba ńlá wọn sá kúrò ní oko ẹrú. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni adjiboto. Ẹ fi etí sí orúkọ náà dáadáa. Ní Antigua àti Barbados, warri ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó jọ oware ti àwọn ará Gánà.

Báwo ni ó ṣe dé ibẹ̀? A kò fún ẹni tí a fi ẹ̀wọ̀n dè nínú ọkọ̀ ẹrú láyè láti gbé ọpọ́n lọ́wọ́. Orí ni wọ́n fi gbé e, nígbà tí wọ́n sì gúnlẹ̀, wọ́n tún un ṣe. Ohun ìyanu kan sì ni pé ọmọ ayò ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn: igi ẹlẹ́gùn-ún tí ń so ó a máa hù ní etí òkun ní ìhà méjèèjì, èso rẹ̀ a sì máa léfòó, tí ìgbì a gbé e lọ jìnnà réré. Òun náà ni wọ́n fi ń ta warri ní Antigua.

Àwọn àgbà ìjọ kan wà tí wọ́n ka ayò sí eré ọ̀lẹ. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Wòlíì Sekaráyà, nígbà tí ó ń sọ ti Jerúsálẹ́mù tí Ọlọ́run bùkún, rí àwọn ọmọdékùnrin àti ọmọdébìnrin tí ń ṣeré ní ìgboro rẹ̀. Ní ti ọgbọ́n inú rẹ̀ pẹ̀lú, ní ọdún 2002 àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ yẹ awari wò, eré tí òfin rẹ̀ súnmọ́ ti ayò wa gidigidi. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n ṣírò. Wọ́n sì rí i pé bí àwọn méjì bá ń ta láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò já sí. Gbogbo èyí wà nínú pákó tí káfíńtà fẹ́ fi dáná!

Ẹ lọ bá káfíńtà àdúgbò yín, nítorí ègékù pákó kì í wọ́n lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Èyí tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 8, tí ó sì nípọn tó íǹṣì 2, yóò tó. Arère rọ̀ lábẹ́ irin, ó sì yẹ ọwọ́ ọmọdé. Ìrókò àti apá a máa pẹ́, ṣùgbọ́n wọn a dá ọmọ lágara. Kí a gbẹ́ ihò náà bí ikùn igbá, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má ṣe ní igun, nítorí ìka ni a fi ń kó ọmọ inú rẹ̀; kí ó sì jinlẹ̀, nítorí ọ̀ta a máa kó ọmọ jọ sójú kan títí yóò fi di odù. Bí pákó bá fẹ́lẹ́, kí a lu ihò já nínú ọ̀kan, kí a sì kan òmíràn mọ́ abẹ́ rẹ̀; kò dára tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ta. Ewé ìpín ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ fi ń dán igi, ó sì ń hù lẹ́yìn ilé títí di òní. Níbi tí a kò bá ti rí ọmọ ayò, èkùrọ́ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ yóò ṣe é, bí ó bá ṣáà ti pé 48.